Ẹ wo ògiri dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé báyìí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gba rúùmù àti pálọ̀ ní Apẹtẹ n'Ìbàdàn, odò ẹ̀yìnkùlé ò ju ohun téèyàn á fò kọjá lọ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn ẹ̀. Wọ́n kun ìsàlẹ̀ ògiri ní búráùn títí dé àyà mi, òkè ẹ̀ wá jẹ́ kírímù, èmi rò pé dìsáìnì ni, mo tiẹ̀ yin lańlọ́ọ̀dù fún un. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o bèèrè bí òjò ṣe ń ṣe níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó ọdún méjì.

Ọjọ́ Jímọ̀, 26 August 2011, inú ààwẹ̀ ni, òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó kọ̀ kò dá. Wọ́n padà ní mìlímítà 187.5 ló rọ̀. Èmi ò mọ mìlímítà o, mo ṣáà ń ṣínu lọ́wọ́ ni omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kí n tó gbé àkàrà sílẹ̀ fìríìjì ti ń léfòó. Ibi tómi dúró sí lára ògiri, ibi tí ọ̀dà búráùn yẹn parí sí gan-an ni!

A dúpẹ́ pé kò mú ẹnikẹ́ni lọ nílé wa, torí èèyàn tó kú n'Ìbàdàn lé ní 100. Afárá Apẹtẹ já, ọ̀nà ibiṣẹ́ mi wá di àyípo.

Sátífíkéètì mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹ̀kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rá wé tiyín, ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀. Kànga tún ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹta omi ẹ̀ mọ́ lójú, a mu ún, ìgbẹ́ gbuuru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, àṣé ṣáláńgá àdúgbò ti ṣàn sínú ẹ̀. Ẹ má fẹnu kàn án láìsè é.

Ilé tí mo wà báyìí, inú òjò ni mo lọ wò ó. Éjẹ́ǹtì ń bínú pé bàtà òun bàjẹ́, mo ní kó máa bínú lọ.