Ìdí Kóńgò: Ohun Tí Wíwọn Iye Owó Ilé Kọ́ Mi

Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ wíwọn iye owó ilé ni mo jábọ̀ fún ọ̀gá mi pé owó ilé ní àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi ìdá 30 nínú 100 gbéra láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ ìṣirò náà wò. Kò sí àṣìṣe nínú bí mo ṣe rò ó pọ̀, kò sì sí nínú bí mo ṣe pín in. Ọ̀gá mi, obìnrin tó ti pẹ́ gan-an nídìí iṣẹ́ yìí, kò tiẹ̀ wo ìṣirò mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Ilé wo ni wọ́n tà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìgbà tí mo padà lọ tú dátà náà palẹ̀ ni mo rí i pé ilé gogoro tuntun kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí létí odò, tí ọ̀pọ̀ fúláàtì inú rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rà wọ́n láàárín àkókò kan náà. Fúláàtì olówó gọbọi ni gbogbo wọn. Àwọn ilé àtijọ́ tó yí i ká, owó wọn ò kúrò lójú kan. Owó ilé ò gbéra, irú ilé tí wọ́n ń tà ló yí padà. Àwọn kan sì ti fẹ́ fi ìṣirò mi yẹn pinnu iye tí wọ́n máa yá àwọn tó fẹ́ ra ilé níbẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sí yín.

Ìyá tó bí bàbá mi ta gàrí lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ká má béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan láìwo ìdí kóńgò. Bí nǹkan bá wọ́n, àwọn kan wà tí wọn kì í fi owó lé ọjà wọn. Wọ́n á lu ìdí kóńgò wọnú, gàrí tó máa kún un á sì dín kù. Ẹni tó bá ń kọ owó gàrí sínú ìwé á kọ ọ́ pé owó ò yí padà. Ìyá ọlọ́mọ tó ra gàrí ọ̀hún mọ̀ pé kò tó ilé jẹ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi bi mí ní ìbéèrè yẹn, ohùn ìyá àgbà ni mo gbọ́.

Ilé tiẹ̀ tún le ju gàrí lọ. Gàrí tí wọ́n tà láàárọ̀ jọ èyí tí wọ́n tà nírọ̀lẹ́. Ilé kan ò jọ ìkejì. Kódà láàárín ilé tó so kọ́ra lópòópónà kan ṣoṣo, ẹnì kan ti lè kọ́ yàrá sí abẹ́ òrùlé tirẹ̀, kí ilé ìdáná ẹnì kejì ṣì wà bó ṣe wà láti 1970. Ilé tí wọ́n sì tà lóṣù yìí lè lo ogún ọdún kó tó padà sọ́jà. Nítorí náà, bí ẹ bá ro gbogbo owó tí wọ́n fi ra ilé lóṣù kan pọ̀, tí ẹ pín in, tí ẹ sì fi wé ti oṣù tó kọjá, ẹ ò tíì wọn owó ilé. Ohun tí àwọn èèyàn rà lóṣù náà lẹ kàn sọ. Àwọn kan á ní ká to owó náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, ká mú èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ó sàn díẹ̀, torí pé ilé olówó kan ṣoṣo ò ní lè fà á sókè. Ṣùgbọ́n bí fúláàtì kéékèèké bá kún ọjà lóṣù kan, àárín gbùngbùn náà á bá wọn lọ sílẹ̀.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ká wá ilé kan náà tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní wọ́n rà á ní £80,000 ní 1998, tí wọ́n sì tún tà á ní £240,000 ní 2015, ilé kan náà nìyẹn, òpópónà kan náà, a lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ní 1963 ni Bailey, Muth àti Nourse gbé ìṣirò yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Karl Case àti Robert Shiller tún un ṣe láwọn ọdún 1980, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà lára atọ́ka owó ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ jù títí dòní.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni iṣẹ́ Piet Eichholtz, ará Netherlands. Ó lọ sí Herengracht, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ gba àárín ìlú Amsterdam kọjá, ó sì tọpa owó tí wọ́n fi ń ra àwọn ilé tó wà létí rẹ̀ láti 1628 títí dé 1973. Ẹ wo bó ṣe yan ibẹ̀. Ilé ibẹ̀ ò wó, àwọn olówó ò sì kúrò níbẹ̀, torí náà ìdí kóńgò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún nǹkan bí 350 ọdún. Ìgbà tó yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò nínú owó náà, ó rí i pé bí ìlọ́po méjì péré ni iye àwọn ilé ọ̀hún fi gbéra láàárín gbogbo àkókò yẹn. Láàárín ibẹ̀ náà, ó ga, ó já bọ́, ó tún ga. Ẹni tó rà á ní ìgbà tí kò wọ̀ lè dàgbà, kó kú, kí ilé náà má tíì padà sí iye tó rà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìwé yẹn, mo dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, torí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ilé kì í já èèyàn kulẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà, ọgbọ́n yìí ní ibi tó kù sí. Gbogbo ilé tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa jù nù, ilé tuntun sì wà lára wọn. Ilé tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì náà lè má jẹ́ ilé kan náà mọ́, bí ẹni tó rà á bá ti tún un kọ́.

Èyí tí ìjọba Ìlú Ọba ń lò nínú UK House Price Index gba ọ̀nà mìíràn. Oṣù Kẹfà 2016 ni atọ́ka yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n máa ń tú ilé sí wẹ́wẹ́: irú ilé tó jẹ́, àdúgbò tó wà, yàrá mélòó ló ní, báwo ni inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ṣé tuntun ni tàbí àtijọ́. Kọ̀ǹpútà á ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi kún owó ilé lóṣù yẹn. Wọ́n á wá mú agbọ̀n ilé kan tí wọn ò ní pààrọ̀ ohun inú rẹ̀ títí ọdún á fi yí, wọ́n á sì béèrè lóṣooṣù pé: bí a bá ta àwọn ilé inú agbọ̀n yìí lónìí, èló ni wọ́n máa mú wá? Kóńgò tí ẹnikẹ́ni ò lè lu ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń rí owó tí wọ́n fi ra ilé ní England àti Wales ni HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀. Wọ́n ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìràlé tó wáyé láti oṣù Kìíní 1995 síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti ju 20 mílíọ̀nù lọ. Ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó dà bíi rẹ̀. Ẹ máa rí iye owó, ọjọ́, àdírẹ́sì, àti lẹ́tà kan tó ń sọ irú ilé: D fún èyí tó dá dúró, S fún méjì tó so mọ́ra, T fún èyí tó wà lára ọ̀wọ́ ilé tó so kọ́ra, F fún fúláàtì. Ẹ ò ní rí iye yàrá níbẹ̀. Ẹ ò ní rí bó ṣe fẹ̀ tó.

Láti mọ bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ máa ní láti lọ sínú dátà ìwé ẹ̀rí EPC, tó ń sọ bí ilé ṣe ń lo iná àti gáàsì, kẹ́ ẹ sì so àdírẹ́sì ibẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì ti Land Registry. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ibì kan á kọ "Flat 2, 14", ibòmíràn á kọ "14B", ìkẹta á kọ "Ground Floor Flat, 14", ilé kan náà sì ni gbogbo rẹ̀. Mo so èyí tó pọ̀ jù mọ́ra, inú mi dùn, mo sì fẹ́ ju ìyókù nù. Ọ̀gá mi tún bi mí pé, "Àwọn wo lo fẹ́ jù nù?" Ẹ bá mi fara balẹ̀ síbí yìí. Àwọn tí àdírẹ́sì wọn ò bára mu kì í ṣe ilé kan ṣáá. Ilé ńláńlá ìgbà Ọbabìnrin Victoria tí wọ́n ti gé sí fúláàtì mẹ́ta mẹ́rin ló pọ̀ jù nínú wọn, irú èyí tó kún àdúgbò bíi Peckham, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Bí mo bá jù wọ́n nù, irú ilé tí ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Yorùbá ń gbé ni mò ń yọ kúrò nínú ìtàn owó ilé Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ka ohun tí mo jù nù kí n tó ka ohun tí mo mú dání.

Ẹ tún máa béèrè pé owó wo gan-an la ń sọ. Rightmove, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé, ń sọ iye tí ẹni tó ń tà ń béèrè. Nationwide àti Halifax, tí wọ́n ń yá èèyàn lówó ra ilé, ń ka owó ilé nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé àwọn máa yá oníbàárà wọn lówó, nítorí náà ẹni tó fi owó ọwọ́ ara rẹ̀ rà á ò sí níbẹ̀. Ti ìjọba ń ka iye tí wọ́n san nígbà tí ilé bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, tòun ti ẹni tó san owó lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí wọ́n fẹnu kò sí nígbà ìrúwé lè máà jáde nínú ti ìjọba àfi nígbà tí ewé bá ń rẹ̀. Ẹ lè rí i pé ọ̀kan ní owó ilé ń gòkè, èkejì ní ó ń sọ̀ kalẹ̀, lọ́sẹ̀ kan náà. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022 kọ́ mi lọ́gbọ́n gan-an. Ìjọba ti gbé owó-orí ìràlé kúrò lórí £500,000 àkọ́kọ́ láti oṣù Keje 2020, wọ́n sì jẹ́ kó parí ní ìparí oṣù Kẹfà 2021. Àwọn èèyàn sáré ra ilé kí ọjọ́ náà tó pé, owó ilé ga fíofío lóṣù Kẹfà, ó sì já bọ́ lóṣù Keje. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìròyìn gbé e pé owó ilé ti fi ìdá 15.5 nínú 100 gbéra láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù Keje 2022, bẹ́ẹ̀ 7.8 ni ti oṣù Kẹfà. Ojú ẹsẹ̀ ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣé kí òun tètè lọ ra ilé ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Oṣù Keje 2021 tí wọ́n ń fi wé ló ti kéré, kì í ṣe pé ohun tuntun kan ṣẹlẹ̀ ní 2022. Nígbàkúgbà tí ẹ bá rí iye tó fò sókè láàárín oṣù kan, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọdún tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà náà kò ṣe é fojú fò. Lóṣù Kẹwàá 2007, Nationwide ní iye tí ilé ń lọ jẹ́ £186,044. Ìgbà tí ìṣòro báńkì dé, ó já bọ́ dé £147,746 lóṣù Kejì 2009. Oṣù Karùn-ún 2014 ló tó kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó di £186,512, ìwé ìròyìn sì ń yọ̀ pé owó ilé ti padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́fà ààbọ̀ yẹn, búrẹ́dì, owó ọkọ̀ àti owó iná ti gbéra. Ẹni tó rà á ní 2007, tó sì tà á ní 2014, owó rẹ̀ pé lójú ìwé, àmọ́ ohun tó lè fi rà ti dín kù. Ẹ máa kọ méjèèjì sílẹ̀ nígbà gbogbo: iye tó wà lójú ìwé, àti iye tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ̀wọ́n ọjà.

Ẹ má sì tijú láti yí iye tí ẹ ti gbé jáde padà. Ìràlé lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù méjì kó tó wọ ìwé Land Registry, ti ilé tuntun tún máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Iye àkọ́kọ́ kò tíì gbọ́ ẹnu gbogbo ọjà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín wà nílé, ní Èkó, ní Ìbàdàn, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ó wù mí gan-an. Ilé kan wà ní Ìkòyí tí ẹni tó ni ín ń fi dọ́là béèrè owó rẹ̀. Nígbà tí náírà já bọ́ lóṣù Kẹfà 2023, iye dọ́là ò yí, iye náírà ló fò. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ owó ilé sílẹ̀, ẹ kọ owó orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ bóyá iye tí éjẹ́ńtì pè ni tàbí iye tí wọ́n san ní tòótọ́. Ẹ kọ iye yàrá, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bóyá ó ní kànga. Ẹ kọ ìwé tó wà lórí rẹ̀, torí pé ilé tó ní C of O àti èyí tó jẹ́ pé rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ní kì í ṣe ọjà kan náà, bí wọ́n tiẹ̀ jọ kọjú síra. Ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ dáadáa, tòun ti orúkọ àdúgbò àti ohun tó wà nítòsí. Kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún ọjọ́ tí wọ́n bá tún un tà.