Àwọn Ẹ̀yọ̀ kéékèèké tá à ń fi ike omi ṣe: ibi tíṣẹ́ dé

Sátidé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ tuntun ti wọlé wa ní Sùúrùlérè níbí. Ẹ̀yọ̀ la fẹ́ ṣe, eégún aláṣọ funfun ti Èkó yẹn, àwọn kéékèèké tó ṣeé tò sórí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀, àwọn àgbà Ẹ̀yọ̀ márààrún, Adímú, Làbà, Oníko, Ológèdè àti Àgéré. Àwọn ìbejì ló fà á. Wọ́n rí fídíò Ẹ̀yọ̀ lórí fóònù bàbá wọn, látìgbà náà ni bẹ́ẹ̀dṣíìtì mi ò ti gbé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́, orí Táyé àti Kẹ́hìndé ló ń gbé, wọ́n á di ìgbálẹ̀ mú, wọ́n á máa fi kan gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n tiẹ̀ fi kan ọkùnrin tó wá ka mítà iná. Mo ní ó dáa, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká ṣe Ẹ̀yọ̀ tí ò ní lè na èèyàn.

Ohun tá a kó jọ ò pọ̀ rárá: ike omi kékeré tí wọ́n ti mu tán, ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí núdùùsì, wáyà háńgà, sítáàṣì, àti aṣọ funfun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì wa àtijọ́, èyí tí oòrùn ti jẹ létí àmọ́ tí àárín ẹ̀ ṣì le. Pẹ́ńtì nìkan la rà. Yanrìn tá a rọ sínú ike kó má baà máa ṣubú, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la ti tọrọ ẹ̀, ṣáàpù sáǹdì gidi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sá a sóòrùn, torí tí yanrìn tútù bá wọnú ike tẹ́ ẹ wá dé e pa, omi ni á máa sun nínú ẹ̀, tó bá sì rí ibi jò jáde, ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lára á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Kẹ́hìndé rọ yanrìn sínú ike, Táyé rọ ọ́ sílẹ̀, Àdùkẹ́ gbá a. Àdùkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn ìbejì jẹ́ ọdún márùn-ún, ẹ ti mọ ẹni tó ń jìyà.

Orí wọn, ìwé ìròyìn la rún pọ̀ tá a fi sẹ́lótéèpù dì mọ́ ẹnu ike. Apá wọn, wáyà háńgà, bàbá wọn ló bá wa fi pílíásì gé e, mo wá fi téèpù wé ẹnu wáyà náà dáadáa kó má lọ gún ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ jẹ́ n sọ ti sítáàṣì díẹ̀ torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Èmi ò kì í ra góòmù fún irú iṣẹ́ yìí, kọ́mọ mẹ́ta tó fi lẹ ìwé méjì ó ti tán. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tá a fi ń le aṣọ yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù pò ó títí kò fi ní ní kókó kankan mọ́, ẹ wá da omi tó ń hó, mo ní tó ń hó o, kì í ṣe tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á lé e, kẹ́ ẹ máa rò ó lọ láìdúró. Ẹ máa rí i pé funfun ẹ̀ á kàn ṣàdédé lọ, ẹ á máa rí ìdí abọ́ látinú ẹ̀, ṣíbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ yín. Ó jinná nìyẹn. Tómi ò bá hó dáadáa ṣe ló máa funfun bẹ́ẹ̀ títí lọ, kò sì ní lẹ nǹkan kan. A ya ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a tì í bọ inú ẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike lára ní ìpele mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí òmíì tó gun orí ẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn nìkan ni mò ń fọ́ kàfúrà sí, èmi fúnra mi ni mo sì ń fi í kùn nígbà tí wọ́n bá ti sùn, torí Kẹ́hìndé ti tọ́ sítáàṣì wò lẹ́ẹ̀mejì, kàfúrà kì í sì í ṣe nǹkan tọ́mọdé ń fẹnu kàn. Tẹ́ ẹ ò bá fi kàfúrà sí i, aáyán Èkó ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n á kà á sí.

Sọ́ńdè

Màmá dé láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá bàbá wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, ẹ ò lè fi Ẹ̀yọ̀ pa irọ́ fún wọn. Wọn ò tíì jókòó tán tójú wọn fi bá Ẹ̀yọ̀ àkọ́kọ́ tí Táyé ti fi pẹ́ńtì dúdú kùn nídìí.

"Ìyá Ìbejì, kí ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ yìí?"

"Bàtà ni Táyé ní àwọn wọ̀ fún un, mà."

"Bàtà kẹ̀! Ẹni tó wá wòran gan-an ò gbọ́dọ̀ wọ sálúbàtà, ẹ wá wọ̀ ọ́ fún Ẹ̀yọ̀. Ẹ bọ́ ọ kíá."

Táyé ní bàtà náà ò ṣeé bọ́, pẹ́ńtì ni. Bá a ṣe fi ìwé lẹ̀ ẹ́ bò nìyẹn o. Màmá wá jókòó tì wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ Ẹ̀yọ̀ fún àwọn ọmọ látòkè délẹ̀: akẹtẹ̀ lórí, ìbòjú lójú, agbádá lọ́rùn, àrópalẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Mo bi wọ́n léèrè bóyá kò burú kí obìnrin àtọmọdé máa ṣe irú nǹkan báyìí, wọ́n ní "eré ọmọdé lẹ̀ ń ṣe, ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ìgà lọ?" Ìgà, ààfin àwọn olóyè Èkó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ parí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni bí àwọn àgbà Ẹ̀yọ̀ ṣe máa ń jáde. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ Sọ́ńdè ni Adímú á kọ́kọ́ jáde, akẹtẹ̀ dúdú ni tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i ẹ mọ̀ pé Sátidé tó ń bọ̀ leré. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Làbà á jáde, akẹtẹ̀ pupa. Túsìdeè, Oníko, yẹ́lò. Wẹ́sìdeè, Ológèdè, gíríìnì. Tọ́sìdeè, Àgéré, pọ́pù. Àdùkẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé iléèwé ẹ̀, ó ní àwa náà á gbé tiwa jáde bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ká kàn da márààrún sórí ṣẹ́ẹ̀fù lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tí mo ti rò pé ká parí ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Mo tiẹ̀ sọ fún wọn pé èmi náà lọ wòran Ẹ̀yọ̀ ní TBS, Tafawa Balewa Square, lógúnjọ́ oṣù karùn-ún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń pé 50 ọdún, gbogbo ibẹ̀ funfun báláú, Àdùkẹ́ wà níkùn mi nígbà yẹn. Àdùkẹ́ ní ṣé òun wọ bàtà. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

Mọ́ńdè dé Wẹ́sìdeè

Akẹtẹ̀ la fi gbogbo ọjọ́ yìí ṣe, lẹ́yìn iléèwé, lẹ́yìn họ́múwọ́ọ̀kì, kí iná tó lọ. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ gbọ́ mi: páálí núdùùsì ti le jù láti ká róbótó, ẹ fi omi kùn ún lójú kan, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ wá bó awẹ́ òkè kúrò, èyí tó kù tó rí wúruwùru yẹn máa ń ká wẹ́rẹ́. Ẹ fi sọ́sà fa òbírí fún etí akẹtẹ̀, ẹ fi ìdérí ike fa òmíì sáàárín ẹ̀, ẹ gé àárín yẹn jáde. Èyí tẹ́ ẹ gé jáde kẹ́ ẹ má sọ ọ́ nù o, òun ló máa bo òkè akẹtẹ̀. Ẹ wá fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ká ògiri ẹ̀, ẹ gé etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣákaṣàka, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, ìyẹn lẹ máa fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Mo ti rí àwọn èyí tí wọ́n ń tà fún àlejò tí fìlà wọn kéré bíńtín lórí, tí gbogbo wọn sì jẹ́ àwọ̀ kan náà, kò wù mí rárá, ta lèèyàn á pe ìyẹn?

Táyé àti Kẹ́hìndé ò lè gé òbírí, ọwọ́ wọn ò tíì gbà á, àmọ́ wọ́n lè lẹ nǹkan, wọ́n lè kun pẹ́ńtì, wọ́n sì lè di nǹkan mú títí á fi gbẹ, iṣẹ́ tí Táyé ń ṣe dáadáa jù nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti ní kó dì í mú kò ní yọwọ́, ká kàn máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Fúráìdè

Àwọ̀. Dúdú, pupa, yẹ́lò, búlúù àti funfun nìkan ni mo rà ní Tẹ́júoṣó, mo ní a máa po ìyókù. Gíríìnì ò dà wá láàmú, yẹ́lò púpọ̀, búlúù díẹ̀. Pọ́pù ti Àgéré ló gba sùúrù. Kẹ́hìndé ló wà nídìí ẹ̀, ó po pupa mọ́ búlúù, ó jáde ní búráùn. Ó fi búlúù kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ó ní "Mọ́mì, Adímú lèyí" ó sì fẹ́ gbé e lọ kùn. Mo ní rárá, fi funfun díẹ̀ sí i, bí orí abẹ́rẹ́. Funfun yẹn ló tú u jáde, pọ́pù tó ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá tá ò rí i. Pupa tá a rà yẹn ti ní yẹ́lò díẹ̀ nínú ni, ìdí nìyẹn tó fi ń di búráùn, tẹ́ ẹ bá rí pupa tó sún mọ́ pínkì ẹ ra ìyẹn, ẹ ò ní jìyà tó báyìí.

Àdùkẹ́ ló rán agbádá. Gé aṣọ gígùn, tẹ̀ ẹ́ sí méjì, gé ihò ọrùn, rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀ nísàlẹ̀, ó parí. Abẹ́rẹ́ ńlá ni mo fún un, ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì jìnnà síra bí eyín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń ká lọ́wọ́, mi ò tún un ṣe, tirẹ̀ ni. Ọ̀pámbàtà, ọwọ̀n ìgbálẹ̀ la ṣẹ́, mẹ́ta mẹ́ta, a fi òwú wé e. Igi ọ̀pẹ náà ni Màmá ní wọ́n ń gé ti gidi lára ẹ̀, ìgbálẹ̀ wa náà ò sì jáde láti ibòmíì, kò sírọ́ níbẹ̀.

Sọ́ńdè

Adímú jáde! A gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù, òun nìkan, dúdú lórí, funfun délẹ̀. Àwọn ìbejì wá di ọlọ́pàá rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí bàtà ní pálọ̀, bàbá wọn bọ́ tiẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò jiyàn. Aládùúgbò wa fẹ́ ti ọ̀kadà ẹ̀ kọjá nínú kọmpáǹdù, wọ́n pariwo lé e lórí láti ojú wíńdò, ọ̀gbẹ́ni náà dúró, ó bẹ̀bẹ̀, èèyàn dáadáa ni. Ìjà wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí Àdùkẹ́ ti ibi irun dé pẹ̀lú ṣùkú, torí Màmá ti sọ fún wọn pé Ẹ̀yọ̀ ò fẹ́ rí ṣùkú. Ó sá wọ yàrá, ó we síkáàfù mi, ó jáde. Táyé ní gèlè náà ò ṣeé rí! Òótọ́ ló sọ, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní ṣé kóun bọ́ orí òun sílẹ̀ ni. Mo dájọ́ pé Ẹ̀yọ̀ ike ò ní ìbínú ti gidi, mo tún yí ojú Adímú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀ kí gbogbo wa lè jẹun.

Wẹ́sìdeè

Làbà ti jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Oníko lánàá, Ológèdè láàárọ̀ yìí kí bọ́ọ̀sì iléèwé tó dé. Orí Oníko tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ọrùn ẹ̀ ò gbẹ dáadáa torí òjò tó ń rọ̀, ẹ̀yìn fíríìjì níbi tá a máa ń sá wọn sí náà tutù nígbà tí wọ́n mú iná lọ, àmọ́ akẹtẹ̀ bò ó, ó tiẹ̀ ń wò bí ẹni tó ń kí èèyàn.

Lọ́la ni ti Àgéré. Akẹtẹ̀ ẹ̀ ti gbẹ, ó dáa jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi, ìbòjú wà, ọ̀pámbàtà wà. Aṣọ kọ́tìnnì ló tán, àrópalẹ̀ nìkan ló ní, kò ní agbádá. Bàbá wọn ní ká gé ẹ̀yìn singílẹ́ẹ̀tì òun àtijọ́, Màmá pariwo lórí fóònù pé Ẹ̀yọ̀ kì í wọ singílẹ́ẹ̀tì. Mo ti bá télọ̀ tó wà lójú títì wa sọ̀rọ̀, ó ní àjákù aṣọ funfun pọ̀ lọ́wọ́ òun, kí n wá ṣà á lálẹ́ òní kóun tó tiṣọ́ọ̀bù. Àdùkẹ́ ní òun á rán an kílẹ̀ tó mọ́, mo ní o máa sùn ni, àwa méjèèjì á rán an láàárọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ ra sísọ́ọ̀sì tuntun lọ́nà, páálí ti pa èyí tá a ní.