Abẹ́rẹ́ acupuncture fún ara ríro: ibi tó yẹ kó wọ̀, àti bó ṣe yẹ kó rí lára

Bí orúnkún bá ti ń ro èèyàn fún oṣù mẹ́ta, tí oògùn ìrora sì ti ń da inú rẹ̀ rú, acupuncture, ìyẹn ìṣègùn ilẹ̀ China tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sára, tó ohun tí à ń dán wò. Kò ní tún eegun tó ti jẹ ṣe. Ohun tó lè ṣe ni pé kó dín ìrora náà kù, kí èèyàn rí ẹsẹ̀ rìn, kó sì rí oorun sùn. Ìrora orúnkún, ẹ̀yìn, ọrùn àti ẹ̀fọ́rí tó ń pààrà ni ìwádìí tì lẹ́yìn jù. Tí wọ́n bá fi ojúlówó abẹ́rẹ́ wé èyí tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni gún, ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá ní òun ń fi wo jẹjẹrẹ, ẹ sá fún un.

Abẹ́rẹ́ yìí kò níhò nínú bíi ti abẹ́rẹ́ tí a fi ń gba oògùn sára. Ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 0.25, gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 25 sí 40. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń lò ó. Ojú yín ni kí wọ́n ti já ọ̀rá rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣà á látinú abọ́, ẹ dìde.

Láti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀, ara aláìsàn ni wọ́n fi ń wọn ara aláìsàn. Cun ni wọ́n ń pe ìwọ̀n wọn: fífẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ lójú oríkèé ni cun kan, ìka mẹ́rin tó pa pọ̀ jẹ́ cun mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi ibi tí wọ́n ń gún lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Zusanli, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ká orúnkún, ẹ wá kòtò kékeré tó wà lábẹ́ eegun róbótó iwájú rẹ̀, lápá ìta. Ẹ wọn ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ kòtò yẹn, kí ẹ wá sún ní ìbú ìka kan kúrò létí ojúgun, sápá ìta. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, yóò ro yín ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹni gíga àti ẹni kúkúrú kò lè ní ìwọ̀n kan náà, ìdí nìyẹn tí rúlà kò fi wúlò níbí.

Nígbà tí oníṣègùn bá rọra ń yí abẹ́rẹ́ náà, ohun tí à ń retí ni deqi: ibẹ̀ á wúwo, á dà bíi pé ó ń wú, tàbí kí ríro kan rọra máa tàn lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Bó bá ta yín bí iná mànàmáná, ó ti kan iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Ẹ sọ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Ẹ má fara dà á. Wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ má sì mira, torí ẹran ara tó bá sún kì lójijì lè di abẹ́rẹ́ mú, kó tẹ̀ ẹ́. Bó bá há, wọn kì í já a tipátipá: ẹ mí kanlẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ra àyíká rẹ̀ títí tí yóò fi tú.

Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹni tí ebi ń pa ni òòyì sábà máa ń kọ́. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Orí èjìká àti àyà ni mo bẹ̀rù jù, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà síbẹ̀: abẹ́rẹ́ tó bá jìn jù lè lu ú. Bí èémí bá ń kúrú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Ẹ máa kọ ìrora yín sílẹ̀ láti 0 dé 10, àti bí ẹ ṣe lè rìn tó. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ti egbòogi ilẹ̀ China yàtọ̀ pátápátá, ó sì léwu ju abẹ́rẹ́ lọ. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kíndìnrín àwọn obìnrin tó ń lo oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù bàjẹ́ torí pé wọ́n ṣi Aristolochia, egbò tó ń ba kíndìnrín jẹ́, lò dípò egbò mìíràn tó ń jẹ́ fangji. Orúkọ àwọn egbò méjèèjì jọra lédè China. Egbò danshen máa ń mú kí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣiṣẹ́ kọjá ààlà. Gancao (licorice) lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Fuzi, egbò aconite tí wọ́n ń lò fún oríkèé ríro, májèlé ni ní tútù: òun nìkan ni wọ́n ń kọ́kọ́ sè pẹ́ kí wọ́n tó da ìyókù lé e. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ń kú lẹ́yìn tí ẹ mu ún, ẹ má dúró dìgbà tí ọkàn yín yóò máa lù ségesège kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì mú ìyókù egbòogi náà dání.