Ife fúláwà 3

Láàárọ̀ Sátidé yìí, èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 4, jọ ṣe búrẹ́dì nílé. A ò ní ófùn. Ìkòkò ńlá tí mo da iyanrìn sí nísàlẹ̀ ni mo gbé ka iná, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é. Ìdí iná nìkan ni mi ò jẹ́ kó sún mọ́.

Òun ló wọn fúláwà. "Ení, èjì, ẹ̀ta!" Nígbà tó kan omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ní kó bu ìlàjì ife. Ó wojú mi: "Màámi, kí ni ìlàjì?" Mo fi ìka sí àárín ife, ó bu omi, ó kọjá ibẹ̀, ó dà á nù, ó tún òmíràn bù. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò kán an lójú, bí omi tilẹ̀ ti kún ilẹ̀. Ìwé ABD nìkan ò lè fi èyí hàn án.

Yíìsì ló yà á lẹ́nu jù. Mo ní ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín ni, pé ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú fúláwà wú. A fi aṣọ bò ó fún wákàtí kan, ó ń ṣí i wò ṣáá. Nígbà tó rí i pé ó ti di ìlọ́po méjì, ó pariwo: "Màámi, ó ń mí!" Inú mi dùn gan-an.

Lálẹ́, bàbá rẹ̀ fẹ́ gé búrẹ́dì. Ó na ìka sí àárín gan-an: "Dádì, ẹ gé e níbí. Ìlàjì nìyẹn."