Mo Lọ Kí Owó Tó Purọ́ Ọjọ́ Orí ní Washington

Òru kan tí oorun ò kùn mí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa dọ́là 1804. Mo ń wo fóònù kiri, ni mo bá kan ìròyìn pé ní 2021, wọ́n ta ẹyọ owó fàdákà kan ní gbàǹjo ní 7,680,000 dọ́là. Ẹyọ kan ṣoṣo o, tí ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ kò ju dọ́là kan lọ! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé bí ẹsẹ̀ mi bá tẹ Amẹ́ríkà, màá fojú kan irú ẹ̀.

Ọlọ́run bá mi ṣe é, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Maryland. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, ló sìn mí lọ. Iṣẹ́ ìjọba ni Bọ̀dá fi gbogbo agbára ìgbà èwe rẹ̀ ṣe n'Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ fi èyí sọ́kàn. A wọ rélùwéè ní New Carrollton, a sọ̀ ní Federal Triangle, a rìn díẹ̀, a ti dé mùsíọ́ọ̀mù ìtàn Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti Smithsonian. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Bọ̀dá ò gbà bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń fọwọ́ kan àpò owó rẹ̀ títí a fi kọjá àwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n tú báàgì mi, wọ́n bá ṣinṣin tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká máa lọ.

Ilẹ̀kùn irin gìrìwò kan, irú èyí tí báńkì fi ń ti yàrá owó, la gbà wọ ibi tí wọ́n pàtẹ owó sí. Ìwé owó 100,000 dọ́là wà níbẹ̀, àwọn èèyàn pé lé e lórí. Èmi ò dúró. Mo wá dọ́là mi lọ.

Nígbà tí mo rí i, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Obìnrin kan kọjú sí apá ọ̀tún, irun rẹ̀ já dé èjìká, wọ́n fi rìbọ́n dì í lẹ́yìn. Ìràwọ̀ mẹ́tàlá yí i ká. Lábẹ́ àyà rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gbàgàdà: 1804.

Irọ́ ni.

Kò sí ìkankan nínú àwọn dọ́là 1804 tí wọ́n rọ ní 1804. Lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba ní Philadelphia rọ dọ́là 19,570, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ irin tó ní ọdún àtẹ̀yìnwá lára ni wọ́n lò. Òǹtẹ̀ tí kò tíì bàjẹ́, ta ni yóò jù ú nù? Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pa dọ́là fàdákà tì. Àwọn oníṣòwò ló fà á. Wọ́n á kó dọ́là tuntun lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean, wọ́n á fi pààrọ̀ dọ́là Sípéènì tó wúwo jù ú lọ, wọ́n á gbé ìyẹn padà wá fún ilé iṣẹ́ náà pé kó rọ ọ́ sí dọ́là Amẹ́ríkà, wọ́n á sì jẹ èrè tó bá ṣẹ́ kù. Ìjọba rí i pé àwọn kàn ń bá aláròóbọ̀ ṣiṣẹ́ ni.

Ó wá di 1834, nígbà Ààrẹ Andrew Jackson. Ìjọba fẹ́ rán Edmund Roberts lọ bá àwọn ọba ìlà-oòrùn dá májẹ̀mú òwò, a kì í sì í lọ sáàfin lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní kí wọ́n kó oríṣi owó Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣí ìwé, wọ́n rí i pé 1804 ni wọ́n rọ dọ́là kẹ́yìn, ni wọ́n bá gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun, wọ́n kọ 1804 sí i.

Mo ń ṣàlàyé èyí fún Bọ̀dá, ó kàn ń wò mí.

"Ìyẹn ni pé wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún kún ọjọ́ orí ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Ó mà ṣe o. Ní sẹ́kítéríàtì wa, dídín là ń dín in kù."

Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bojú wo ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Roberts fún Súlútáànì Muscat, ìyẹn Oman òní, ní tirẹ̀ ní 1835, ó fún ọba Siam, ìyẹn Thailand òní, ní 1836. Ọdún náà ló kú sí Macao, kò dé Japáànì tí wọ́n tún rán an sí. Irú èyí tí wọ́n rọ nígbà náà, mẹ́jọ péré la mọ̀. Ẹyọ tí wọ́n ń pè ní ti Súlútáànì ló pa owó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé a mọ ọwọ́ tí wọ́n ti gbà kọjá, bí ẹni ń ka ìran. Matthew Stickney ará Salem gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní 1843, owó àtijọ́ ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. James Dexter ra tirẹ̀ ní 1885, ó sì lu lẹ́tà D tíńńtín sórí ìkùukùu kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń sàmì sí ewúrẹ́ létí. Owó olówó iyebíye! Ká ní èmi ni ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé ò ní gbà wá.

Irú mẹ́ta ni dọ́là 1804: èyí tí wọ́n rọ nígbà Roberts ni irú kìíní. Mùsíọ́ọ̀mù yìí ní ẹyọ kan nínú irú kọ̀ọ̀kan. Irú kejì, ẹyọ kan ló wà láyé. Nígbà tó di 1858, àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ náà ti rí i pé àwọn tó ń kó owó jọ ń wá 1804 lójú méjèèjì, ni wọ́n bá ń rọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Theodore Eckfeldt, tó ń ṣọdẹ òru níbẹ̀, ni wọ́n dárúkọ pé ó ń tà á. Àwọn ọ̀gá gba àwọn owó náà padà, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀, wọ́n sì ba àwọn yòókù jẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí, orí owó Switzerland kan tí wọ́n rọ ní 1857 fún ìdíje ìbọn yíyìn ni wọ́n lù ú mọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú ń ro mí, bóyá màá rí àmì owó àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹ̀. Gíláàsì ò jẹ́.

Irú kẹta ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ sí létí kó lè jọ ti gidi. Ẹyọ tó wà níhìn-ín ti jẹ́ ti Henry Linderman.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó."

"Ọ̀gá àgbà fúnra ẹ̀?" Bọ̀dá mi orí. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹyọ yìí kan náà dé ọwọ́ Willis du Pont ní Florida. Ní 1967, adigunjalè wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n kó dọ́là 1804 méjì lọ mọ́ ẹrù yòókù. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó rí méjèèjì gbà padà.

Nínú rélùwéè, a jẹ ṣinṣin tán. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí a rí.

Bọ̀dá ń bọ́ bàtà. "Àgbàlagbà kan ni a lọ kí," ó ní, "tó purọ́ ọjọ́ orí, tí wọ́n jí gbé, tó tún padà sílé."

"Ọmọ Nàìjíríà ni?"