Bí FreeBSD ṣe lè ríbi jókòó sí níbi iṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba FreeBSD, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà (operating system) bíi Linux, láyè níbi iṣẹ́ tí Linux ti gba gbogbo ilé, ìyìn ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: ó mọ́, kì í ṣàdédé ṣubú, àlàyé inú ìwé rẹ̀ kún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀gá tó béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gá, bí wọn ò bá tilẹ̀ sọ ọ́ síta, kò ju ẹyọ kan lọ: "Bí o ò bá sí nílé, tí nǹkan yìí dákú lóru, ta ló máa jí i?" Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí àbá ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ńláńlá máa ń ṣèrànwọ́ díẹ̀. Láti 1993 ni FreeBSD ti wà, inú BSD tí Yunifásítì Berkeley ní California ṣe ló sì ti jáde. Òun ni Netflix fi ń gbé fíìmù dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn láti orí àwọn server Open Connect wọn. Òun náà ló wà nídìí Junos, ètò inú àwọn ẹ̀rọ network Juniper, àti PlayStation 4. Ìwé àṣẹ BSD ò fipá mú ẹnikẹ́ni láti tú àtúnṣe tó bá ṣe sí kóòdù náà síta, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ á sì fẹ́ gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ Netflix tan ara wa jẹ o. Wọ́n ní ẹnjiníà tó ń kọ kernel, ọkàn ètò náà gan-an. Iléeṣẹ́ tí èèyàn mẹ́ta péré ń bójú tó server rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a bá gbé fún un ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Bó bá jẹ́ Docker, irinṣẹ́ tó ń di áàpù àti ohun tó nílò pọ̀ sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní image, ni àwọn tó ń kọ áàpù fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ẹ fi áàpù wọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, torí Docker kì í ṣiṣẹ́ lórí FreeBSD fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, jail ti wà níbẹ̀ láti FreeBSD 4.0 ní ọdún 2000, ó sì ń ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì dáadáa, àmọ́ image tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ò ní wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Server tó ń tọ́jú backup (ẹ̀dà fáìlì tí a fi pamọ́) ni mo fara mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án, kò sí oníbàárà tó máa mọ̀.

Dísìkì méjì tó dọ́gba àti mẹ́mọ́rì GB 16 tó fún un. Nígbà tí ẹ bá ń gbé FreeBSD sórí ẹ̀rọ, ẹ mú Auto (ZFS), ZFS ni ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì, kí ẹ yan mirror, tó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjèèjì. Lẹ́yìn náà, `zfs create -o mountpoint=/backup -o compression=lz4 zroot/backup`, kí server kọ̀ọ̀kan sì ní dataset (apá ibi ìpamọ́) tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: `zfs create zroot/backup/web`. Rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, á kó fáìlì wá lálẹ́, bó bá parí láìsí àṣìṣe ni `zfs snapshot`, tó ń ya àwòrán bí fáìlì ṣe wà lásìkò náà, á tẹ̀lé e. Ẹ fi `--inplace` kún rsync náà. Láìsí i, fáìlì GB 20 tí ìlà kan péré yí padà nínú rẹ̀ á di àtúnkọ látòkèdélẹ̀, snapshot á sì máa jẹ GB 20 lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ohun tó wà nínú pool (àpapọ̀ ibi ìpamọ́ àwọn dísìkì) kọjá 80 nínú 100.

Bí ọ̀gá bá yọjú, ẹ pa fáìlì kan rẹ́ nínú /backup/web níṣojú wọn, kí ẹ wọ .zfs/snapshot, kí ẹ dà á kọ padà. `ls -a` kì í fi fódà .zfs yẹn hàn. Orúkọ rẹ̀ lẹ máa tẹ̀ fúnra yín. Ìṣẹ́jú kan yìí lágbára ju wákàtí àlàyé lọ.

Ẹnìkan á ní ZFS wà lórí Linux náà. Ó wà. Ṣùgbọ́n nítorí ìwé àṣẹ rẹ̀, ìta kernel ló ń gbé níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá kernel tuntun kọ̀ọ̀kan mu. Ní FreeBSD, ọmọ ilé ni.

Ohun tó dáhùn ìbéèrè òru jù lọ ni boot environment, ẹ̀dà ètò ẹ̀rọ tí a lè fi tan ẹ̀rọ bí tuntun bá bàjẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan update, ẹ tẹ `bectl create saaju`. Kíá ni ẹ̀dà tó ń jẹ́ saaju ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, `freebsd-update -r 14.3-RELEASE upgrade`, `freebsd-update install`, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tún `freebsd-update install` ṣe. Bó bá jẹ́ láti 13 sí 14 ni, `pkg upgrade -f`, tó ń tún gbogbo áàpù tí a fi pkg gbé wá fi sórí ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ ṣáájú install ẹlẹ́ẹ̀kẹta, torí install yẹn ló ń kó àwọn library àtijọ́ dànù. Ẹni tó bá yí ètò yẹn po, àwọn áàpù tó fi pkg gbé wá ò ní dìde mọ́. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ yan saaju nínú menu tó ń jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn. Àmọ́ ẹ má tíì ṣe `zpool upgrade` títí ọkàn yín á fi balẹ̀, torí lẹ́yìn rẹ̀, saaju lè má lè ka dísìkì mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé inú boot environment ni /var/db wà: bí PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátà) bá ń gbé ibẹ̀, tí ẹ padà sí saaju, dátà rẹ̀ á bá yín padà sẹ́yìn. Ẹ dá dataset tirẹ̀ sílẹ̀ fún un ṣáájú.

Àwọn ará Linux á kọsẹ̀ síbi kéékèèké, ibẹ̀ ló sì ti ń di ìkórìíra. Script tó ní `#!/bin/bash` lórí á ní òun ò rí nǹkan, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà níwájú wọn. Bash kò bá FreeBSD wá. Bí pkg bá gbé e wá, /usr/local/bin ló ń jókòó sí, nítorí náà `#!/usr/bin/env bash` ni kí wọ́n kọ. `sed -i` náà á di `sed -i ''`. Ti mẹ́mọ́rì ló ń fa ariwo jù: ZFS ń kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ARC, ibi tó ń fi ohun tó kà láìpẹ́ pamọ́ sí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ server á wá máa ké pé mẹ́mọ́rì ti tán. Kò tán, ARC ń dá a padà bí iṣẹ́ mìíràn bá béèrè. Ẹ lè fi `vfs.zfs.arc_max="8G"` sínú /boot/loader.conf, tàbí kí ẹ yọ ARC kúrò nínú ìṣirò ẹ̀rọ aṣọ́nà náà. Èkejì ló wù mí jù.

Ìwé ojú kan ni kí a kọ fún ẹni tó wà lórí iṣẹ́ lóru. `zpool status` á fi dísìkì tó kú hàn. Kó tó ṣe `zpool replace`, á kọ́kọ́ pín dísìkì tuntun bíi ti èyí tó yè: `gpart backup ada0 | gpart restore -F ada1`. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ méjèèjì (ada0 ló yè, ada1 ni tuntun), torí bí wọ́n bá ṣìpò, èyí tó yè náà ti lọ. Ọ̀pọ̀ á rí ONLINE lẹ́yìn replace, wọ́n á sì lọ sùn. Mirror ZFS kì í dé apá EFI, ibi tí loader tó ń tan ẹ̀rọ ń gbé, kò tíì sí loader kankan níbẹ̀ lórí dísìkì tuntun, ọjọ́ tí ada0 bá kú ni wọ́n máa tó mọ̀. Kí wọ́n fi newfs_msdos ṣe apá EFI ada1, kí wọ́n sì da /boot/loader.efi kọ sínú rẹ̀ bí EFI/BOOT/BOOTX64.EFI. Ẹ gbé ìwé yìí fún ẹni tí kò fẹ́ràn FreeBSD rárá, kó yọ dísìkì kan, kó fi òmíràn rọ́pò, kí ẹ sì panu mọ́. Ibi tó bá ti dúró béèrè nǹkan ni ìwé ti kù.

Kí ọ̀nà àbáyọ wà nínú àbá náà gan-an. Linux tó ní OpenZFS lè gba gbogbo backup náà pẹ̀lú `zfs send -R`, snapshot á sì tẹ̀lé e lọ. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ iye wákàtí tó gbà sílẹ̀. FreeBSD 14 ń gba àtúnṣe ààbò títí di oṣù kọkànlá 2028, ìyẹn náà yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ọdún kan bá sì pé, tó jẹ́ ẹnì kan náà ṣì ni ń ṣe update rẹ̀, ẹ kó backup náà lọ sórí Linux.