Fọ́tò kékeré kan ló kọ́ mi bí a ṣe ń bá ọmọ ọdún 13 sọ̀rọ̀

Nígbà tí mo ń kàwé ní Yogyakarta, ní erékùṣù Java, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ SMP, ìyẹn girama kékeré ti Indonesia, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kan kì í wọlé láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ mi fi kan iwájú orí rẹ̀, ìkíni tí wọ́n ń pè ní salim. Èmi tí wọ́n fi ìdọ̀bálẹ̀ tọ́ dàgbà wá rò pé ọmọ tí ó bá mọ àgbà í kí tó báyìí kò ní bínú sí àwàdà àgbà. Irọ́ ni mo pa fún ara mi.

Lọ́jọ́ kan, a jọ wà ní ìsọ̀ olóúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta Indomie (Indonesia ni wọ́n bí i sí kí ó tó di tiwa). Ọmọbìnrin kan tí kò tíì bọ́ ẹ̀wù funfun àti síkẹ́ẹ̀tì búlúù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ra bakso, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ṣù róbótó sínú omi ọbẹ̀. Kí ó tó fi ṣíbí kàn án, ó yọ fọ́tò olórin Kòríà kan kúrò lẹ́yìn fóònù rẹ̀, ó bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ kí ó má baà máa dán, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó sì ń ya àwọn méjèèjì títí ọbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Mo fi ọwọ́ tí mo fi ń jẹ díndín gbé fọ́tò náà, mo ní, "Ṣé ẹni yìí náà fẹ́ jẹun ni?" Epo yí i lára.

Kò bú mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Nggak apa-apa, Mister," pé kò burú, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi dáhùn ìbéèrè kankan nínú kíláàsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi pé inú àwo orin ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ń wá, pé ẹni tí ó rà á kì í mọ ti ẹni tí yóò bá níbẹ̀, àti pé owó ìpanu ni ọmọ náà ń tọ́jú kí ó tó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rí ẹni tí ó fẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí McDonald's gbé oúnjẹ tí wọ́n fi orúkọ BTS, ẹgbẹ́ olórin Kòríà, pè jáde ní Indonesia, ọlọ́kadà agbóúnjẹ pọ̀ débi pé wọ́n ti àwọn ẹ̀ka kan pa fúngbà díẹ̀ nítorí Kòrónà.

Bí ẹ bá ṣẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó má baper, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá ẹni tó ń gbé nǹkan sínú wí. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ bàjẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe yá ẹnà wọn lò. Ọjọ́ tí mo sọ pé "santuy", ìyẹn "fara balẹ̀" lẹ́nu wọn, ṣe ni wọ́n fi mí ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn tí mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kí kíláàsì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìpolówó pàṣípààrọ̀ fọ́tò: igun wo ló ká, ibo ló ha, báwo ni wọn yóò ṣe dì í. Àwọn tí Mobile Legends, eré orí fóònù, gbà lọ́kàn kọ nípa eré wọn. Ọmọkùnrin kan tí kì í kọ ju ìlà mẹ́ta lọ fi ojú ewé méjì di ẹ̀bi ìfìdírẹmi ru àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọmọbìnrin yẹn, ó mú fọ́tò mìíràn wá kí n wò ó. Tíṣù ló kọ́kọ́ nà sí mi.